Díńgì Lẹ́yìn Ọkọ̀ Onígbòkun: Ibi Tó Yẹ Kó Wà Lórí Ìgbì, àti Okùn Tó Yẹ Kó Fà Á

Ọkọ̀ onígbòkun tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ rin ìrìn-àjò kì í lè sún mọ́ iyanrìn etíkun. Irin tàbí òjé tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó dojú dé, máa ń wọ omi tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì, nítorí náà ọ̀ọ́kán ló ti ń ju ìdákọ̀ró. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní díńgì ló ń gbé àwọn inú rẹ̀ lọ sí èbúté. Òun ni wọ́n fi ń lọ ra búrẹ́dì, òun ni wọ́n fi ń pọn omi, òun náà ni wọ́n fi ń kó pàǹtí lọ dà nù. Ẹni tí kò bá ní díńgì mọ́ ti di ẹlẹ́wọ̀n inú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ìbéèrè tó wá ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé, nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ṣíkọ̀ láti erékùṣù kan sí òmíràn, níbo ni díńgì yóò wà?

Ní British Virgin Islands, lójú òkun Karibéánì, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń háyà ọkọ̀ onígbòkun fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á so ó mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n á sì máa fà á lọ. Bí ẹ bá béèrè bí wọ́n ṣe ń so ó, ẹnì kan á ní kí ẹ fà á mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ jẹ́ kí okùn gùn dáadáa. Ẹnì kẹta á ní kí ẹ má fà á rárá. Òótọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, àmọ́ ibi tí òótọ́ kọ̀ọ̀kan ti wúlò yàtọ̀ síra. Ohun tó ń pín wọn níyà ni ìgbì: èyí tí ọkọ̀ ńlá ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, àti èyí tí òkun fúnra rẹ̀ ń gbé bọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìgbì méjèèjì yìí á lè fúnra rẹ̀ sọ bó ṣe yẹ kí okùn òun gùn tó, láìdúró de ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí díńgì fi ń wúwo lọ́wọ́ okùn

Díńgì rọ́bà tó gùn tó mítà 3 kì í sábà ju kìlógíráàmù 25 sí 65 lọ láìsí ẹ́ńjìnnì. Ẹni méjì á gbé e lórí iyanrìn láìmí gúlegúle. Èyí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Lójú omi, eré ló ń ni okùn lára ju ìwúwo lọ.

Ọkọ̀ yòówù tó bá ń la omi máa ń dá ìgbì sílẹ̀, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ ni ìgbì náà ń gùn sí i. Nígbà tí ìgbì yìí bá gùn tó ọkọ̀ gẹ́lẹ́, ọkọ̀ ti wà nínú kòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́: iwájú rẹ̀ gbé sórí ìgbì, ìdí rẹ̀ rì, ó wá dà bí ẹni tó ń gun òkè tí kò ní téńté. Nọ́ọ̀tì 4.2 ni díńgì oní mítà 3 máa ń bá èyí pàdé. (Nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan láàárín wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 1.85.) Ọkọ̀ onígbòkun tó gùn tó mítà 12 ní tirẹ̀ ń sá nọ́ọ̀tì 6 sí 7 nírọ̀rùn, nítorí pé ara rẹ̀ gùn, ìgbì tirẹ̀ kò tíì há a mọ́. Nítorí náà, eré tó tu ọkọ̀ ńlá lára ti kọjá èyí tí ara ọkọ̀ kékeré gbà. Ní nọ́ọ̀tì 3, ọwọ́ kan lè di okùn náà mú. Ní nọ́ọ̀tì 6, ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ lásán fà á mọ́ra á ní láti fi ẹsẹ̀ ti nǹkan.

Ọkọ̀ ńlá náà ń jẹ nínú ìyà yìí. Ó lè pàdánù ìdajì nọ́ọ̀tì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí díńgì bá tóbi tàbí tí wọ́n so ó síbi tí kò yẹ. Lórí ìrìn máìlì òkun 30, ọkọ̀ tó yẹ kó fi wákàtí 5 dé ní nọ́ọ̀tì 6 á fi bí ìdajì wákàtí lé sí i bí eré rẹ̀ bá di 5.5. Ìyẹn nìkan lè mú kí èèyàn wọ èbúté tí òkúta pọ̀ sí lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀.

Ìgbì kejì

Ẹ dúró ní ìdí ọkọ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn. Omi tí ọkọ̀ là kọjá kì í tẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á ru sókè, á rọlẹ̀, á tún ru sókè, ìgbì kan tẹ̀ lé èkejì, gbogbo wọn sì ń bá ọkọ̀ lọ ní eré kan náà bí ẹni pé wọ́n so wọ́n mọ́ ọn. Àlàfo láti orí ìgbì kan dé orí èkejì ń bá eré ọkọ̀ lọ: ní nọ́ọ̀tì 5, mítà 4.2 ni, ní nọ́ọ̀tì 6, mítà 6.1, ní nọ́ọ̀tì 7, mítà 8.3.

Ìgbì kọ̀ọ̀kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì. Gẹ̀rẹ́ iwájú kọjú sí ọkọ̀ ńlá, gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn sí i. Díńgì tó bá wà ní gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn, òkè ló ń gùn láti àárọ̀ títí dalẹ́, ọkọ̀ ńlá ló sì ń san owó rẹ̀. Díńgì tó bá wà ní gẹ̀rẹ́ iwájú fẹ́ máa yọ̀ sísàlẹ̀ wá bá ọkọ̀ ńlá, ìwúwo tirẹ̀ ń ran okùn lọ́wọ́. Ibi tí à ń wá nìyẹn: gẹ̀rẹ́ iwájú ìgbì kejì, ní ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ díẹ̀. Ìgbì àkọ́kọ́ sún mọ́ ìdí ọkọ̀ jù, omi tó ń hó níbẹ̀ á máa ju díńgì síwá sẹ́yìn. Ìgbì kẹta náà dára bí okùn bá gùn tó, pàápàá fún ọkọ̀ tí kò yára.

Kò yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ jù lórí gẹ̀rẹ́ náà. Bó bá yọ̀ dé kòtò, okùn á dẹ̀, díńgì á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún, yà sósì, bí ewúrẹ́ tí wọ́n dẹ okùn rẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni okùn á nà lójijì, “gbà!”, òrùka tó so ó mọ́ díńgì á sì gba gbogbo ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú gbígbà yìí, léraléra fún wákàtí mẹ́rin, ló ń já okùn tí kò sí ohun tó ṣe é lójú.

Bí ẹ ó ṣe rí ibẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ti gba eré tí yóò fi lọ. Ẹ yí okùn lẹ́ẹ̀kan mọ́ irin ìsokùn tó wà ní ìdí ọkọ̀, kí irin náà máa bá yín gbé ẹrù. Ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́ láéláé, ó lè gé ìka. Ẹ máa tú u sílẹ̀ bí ìdajì mítà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì tẹ ibi tó nà láàárín irin àti omi. Okùn á kọ́kọ́ le, á wá rọ̀, á tún le bí díńgì bá ti ré orí ìgbì kọjá sí ẹ̀yìn. Ibi tó ti rọ̀ jù tí kò sì tíì dẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ so. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ ní kìlógíráàmù lè fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja, há àárín okùn àti irin. Ìyàtọ̀ tó máa rí láàárín mítà méjì péré á yà á lẹ́nu.

Ẹ wo iwájú díńgì pẹ̀lú. Ó yẹ kó gbé sókè díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ máa yọ̀ lórí omi. Bí imú rẹ̀ bá ń wọ omi, ó ṣeé ṣe kí ẹrù wà níwájú rẹ̀, tàbí kí òrùka tí wọ́n so okùn mọ́ ga jù lára rẹ̀. Okùn tó fà láti òkè ń tẹ imú wọlẹ̀. Èyí tó fà láti ìsàlẹ̀, nítòsí ojú omi, ń gbé e sókè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ibi tó dára yìí kì í dúró sójú kan. Ẹni tó so díńgì ní nọ́ọ̀tì 5 láàárọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì mú u dé nọ́ọ̀tì 7 lọ́sàn-án, àlàfo ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Díńgì tó wà ní gẹ̀rẹ́ iwájú tẹ́lẹ̀ ti lè bọ́ sí kòtò tàbí sí gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn. Nígbàkigbà tí ẹ bá fi ìgbòkun kún tàbí tí ẹ dín in kù, ẹ tún okùn wò.

Okùn, òrùka àti gọ́ọ̀mù

Irú okùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọkọ̀. Náílọ́ọ̀nù máa ń nà, nítorí náà ó ń gba ìjà mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń rì. Polyester kì í fi bẹ́ẹ̀ nà, òun náà ń rì. Polypropylene ń léfòó, èyí ló sì mú kí ọ̀pọ̀ atukọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún díńgì, nítorí okùn tó bá ń léfòó kì í tètè bọ́ sẹ́nu pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn ń jẹ ẹ́ (bó bá ti ń yọ irun gbígbẹ tó ń gún ọwọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀), ara rẹ̀ ń yọ̀, kókó rẹ̀ sì lè tú bí ẹ kò bá fi ìrù gígùn sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé kí ẹ lo èyí tó ń léfòó, ó nípọn tó mílímítà 12, kó má kéré sí mítà 15. Ẹni tó bá fẹ́ náílọ́ọ̀nù nítorí nínà rẹ̀ lè ki àwọn ohun aléfòó kéékèèké sára rẹ̀ ní mítà méjì méjì.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni okùn máa ń yè tí ibi tí wọ́n so ó mọ́ sì já. Ẹ kúnlẹ̀ ti díńgì rọ́bà yín, kí ẹ wo òrùka irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú rẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ róbótó kan ló gbé òrùka náà dání, gọ́ọ̀mù nìkan ló sì mú rọ́bà pẹlẹbẹ yìí mọ́ túúbù. Bí a bá fà á ní ìtẹ́lẹ̀ sí ara túúbù, gbogbo ojú gọ́ọ̀mù náà ló ń pín ẹrù, ó sì lágbára gan-an. Bí a bá fà á sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́, etí kan ṣoṣo ló ń gba ẹrù, á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí sítáǹbù kúrò lára lẹ́tà. Ẹ fi èékánná tọ́ etí rẹ̀ yíká. Ibi tí èékánná bá ti wọlé, ẹ má fi òrùka yẹn fa ohunkóhun mọ́ títí ẹ ó fi tún un lẹ̀.

Nítorí èyí ni a fi ń lo okùn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kan lọ sí òrùka ọ̀tún, ọ̀kan sí ti òsì, àwọn méjèèjì pàdé níwájú díńgì, ibẹ̀ ni okùn gígùn ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì. Bó bá kúrú jù, igun àárín wọn á fẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á máa fa òrùka sínú dípò síwájú, gọ́ọ̀mù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Díńgì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ fáíbà tàbí alumíníọ́mù máa ń ní òrùka tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ imú líle rẹ̀, nísàlẹ̀, nítòsí omi. Bí tiyín bá ní in, òun ni kó gba iṣẹ́ náà. Ẹ má so okùn mọ́ ibi ìdìmú tàbí mọ́ okùn tó yí túúbù ká, torí ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi okùn kejì sí i, òun ni okùn ààbò. Kó so mọ́ òrùka mìíràn lára díńgì, kó sì so mọ́ irin mìíràn lára ọkọ̀ ńlá, kó gùn ju okùn àkọ́kọ́ lọ ní mítà kan kó má baà gba ẹrù. Bí méjèèjì bá wà lára òrùka kan náà, okùn ààbò yẹn kò dáàbò bo nǹkan kan, torí òrùka ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Kókó tí a fẹ́ràn lára òrùka ni bowline. Ojú rẹ̀ kì í fún mọ́ òrùka, ó sì ṣeé tú lẹ́yìn tó ti gba ẹrù ní gbogbo ọjọ́. Lára irin ìsokùn, ẹ yí okùn ká ìdí irin náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ́ ọ ní ìlọ́po bí nọ́ńbà 8 lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá fi ìyí ìkẹyìn há a. Ibi tí okùn ti ń ha etí ọkọ̀, ẹ ki í bọ inú ègé họ́ọ̀sì omi kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ń gba okùn là.

Ẹ tú inú rẹ̀ kalẹ̀

Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́. Ó ń dùn wá láti máa rí díńgì tí wọ́n ń fà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní ìdí rẹ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ gbígbé e kúrò, àdánù rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré oní 2.5 horsepower wúwo tó kìlógíráàmù 17; àwọn tó tóbi lè kọjá 40. Bí ìwúwo yìí bá wà ní ìdí díńgì, ìdí á rì, imú á gbé sókè jù, afẹ́fẹ́ á rí ọ̀nà wọ abẹ́ rẹ̀. Bí díńgì bá wá dojú dé, ẹ́ńjìnnì á wà lábẹ́ omi iyọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ń fà á. Kí ẹ tó tú ìdè rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ so okùn ààbò mọ́ ọn. Ìgbà tí ọwọ́ ń yọ̀ láàárín ọkọ̀ méjì tó ń mì ni ẹ́ńjìnnì máa ń bọ́ sómi. Ẹ gbé e sórí pákó tí wọ́n kàn mọ́ irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá, kí ẹ fún un mọ́ ibẹ̀, kí ẹ tún so ó.

Táǹkì epo, àjẹ̀, pọ́ǹpù, ìdákọ̀ró kékeré, bàtà, gbogbo wọn ni kó jáde. Àjẹ̀ tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ so ó mọ́lẹ̀.

Omi ni ọ̀tá tó kù. Ẹ wo inú díńgì oní mítà 3: ó gùn tó mítà 2, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, ó jìn tó 30. Bó bá kún, bíi lítà 480 ni, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tọ́ọ̀nù, tó sì ń gbá kiri láti igun kan sí òmíràn. Kò sí òrùka onígọ́ọ̀mù tó lè fa èyí ní nọ́ọ̀tì 6. Díńgì tí ihò omi ìdí rẹ̀ ní fálúùfù tó ń jẹ́ kí omi jáde tí kì í jẹ́ kó wọlé, ẹ lè ṣí i sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Èyí tí kò ní fálúùfù, ẹ fi ọmọrí dí i pa, kí ẹ sì máa bojú wẹ̀yìn. Ọ̀wààrà òjò kan tó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sínú díńgì tí wọ́n ń fà, ọmọdé pàápàá. Ẹni tó bá ṣubú láti inú rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ àti òkun bá yí ìṣirò padà

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ wà fún omi tó rọra. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kọjá nọ́ọ̀tì 20 sí 25, díńgì rọ́bà tí kò ní nǹkan nínú ti di ìyẹ́. Ẹ̀fúùfù òjijì á wọ abẹ́ imú rẹ̀, á sì dà á délẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn àwọn erékùṣù olókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń já wálẹ̀ láti orí òkè, ó ń ṣẹlẹ̀ láìsí àmì. Díńgì kékeré ní ọgbọ́n kan fún èyí: ẹ fà á wá títí imú rẹ̀ yóò fi gbé sókè, kí ẹ so ó gírígírí mọ́ irin ẹ̀yìn ọkọ̀, kó jẹ́ pé ìdí túúbù rẹ̀ nìkan ló ń fọwọ́ kan omi. Afẹ́fẹ́ kì í lè gbé e mọ́, omi kì í sì lè dúró nínú rẹ̀. Ìyẹn ni “pẹ́kípẹ́kí” tí ẹni àkọ́kọ́ ń sọ.

“Okùn gígùn” ti ẹnì kejì wà fún ìgbà tí ìgbì òkun bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Ìgbì bẹ́ẹ̀ á gbé díńgì, á sì máa fi í sáré ju ọkọ̀ ńlá lọ, á gbá ìdí ọkọ̀ tàbí kó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìgbì náà bá lọ tán, okùn á nà pẹ̀lú agbára gbogbo ohun tó dẹ̀. Níbẹ̀, ẹ gbàgbé ìgbì kejì ti ọkọ̀, kí ẹ wo ìgbì òkun. Ẹ tú okùn títí díńgì àti ọkọ̀ yóò fi máa gun ìgbì pa pọ̀, tí wọ́n á sì máa sọ̀ kalẹ̀ pa pọ̀, ọ̀kan lórí ìgbì kan, èkejì lórí ìgbì tó tẹ̀ lé e. Bó bá ṣì ń sáré, ẹ so okùn nínípọn kan tàbí garawa kékeré kan mọ́ ìdí díńgì kó máa wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Eré yín á dínkù sí i, ṣùgbọ́n díńgì á jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹnì kẹta, tó ní kí ẹ má fà á, ń sọ̀rọ̀ ìta gbangba òkun. Sir Francis Drake Channel ní British Virgin Islands jẹ́ omi tí erékùṣù bò: Tortola wà ní àríwá, Norman, Peter, Salt, Cooper àti Ginger tò sí gúúsù, wọ́n sì ń dá ìgbì Atlantic dúró. Fífa díńgì níbẹ̀ kò burú. Àmọ́ láti Virgin Gorda lọ sí Anegada, máìlì òkun bíi 12 sí 15, kò sí ohun tó dá ìgbì Atlantic dúró mọ́. Bákan náà ni ojú omi tó wà láàárín St Vincent àti St Lucia, àti láàárín St Lucia àti Martinique, níbi tí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn àti ìṣàn omi ti jọ ń gba àárín erékùṣù ńlá méjì. Ní irú ibẹ̀, ẹ gbé díńgì sórí ọkọ̀. Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 ti bá a pàdé: ọkọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù ń fa ọkọ̀ kékeré rẹ̀, ìjì dé, agbára káká ni wọ́n fi gbà á wọlé lábẹ́ ààbò erékùṣù kan. Ó yẹ kí ẹ gbé tiyín kí ẹ tó kúrò ní èbúté, nígbà tí omi ṣì dákẹ́.

Lórí ọkọ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé níwájú òpó ìgbòkun, kí ẹ dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ rí i pé kò há okùn ìgbòkun kankan mọ́lẹ̀, pé ẹni tó ń tukọ̀ sì ń rí iwájú. Bó bá tóbi jù, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Kàtàmáráànì, ọkọ̀ onígbòkun abara-méjì, máa ń ní apá irin méjì lẹ́yìn tí wọ́n ń fi gbé díńgì rọ̀. Ẹ ṣí ihò omi rẹ̀ sílẹ̀ kí òjò lè jáde, kí ẹ sì dè é kó má lè fì.

Pùròpẹ́là

Èbúté ni ibi tí okùn gígùn ti ń di ewu. Gbàrà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá bá ṣe ríbáàsì, omi tó ń fà sábẹ́ ọkọ̀ á fa okùn tó dẹ̀ mọ́ ọn, kódà èyí tó ń léfòó. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ okùn díńgì, kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Kí ọkọ̀ tó wọ ibi ìdákọ̀ró, ẹni yẹn á fa díńgì wá títí imú rẹ̀ yóò fi kan ìdí ọkọ̀, tàbí kó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, á kó okùn yòókù wọlé, okùn ààbò pẹ̀lú, á sì ké sí ẹni tó di àgbá ìtukọ̀ mú pé òun ti ṣe tán. Bí igbe yẹn kò bá dún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ríbáàsì.

Bí ó bá ti wé mọ́ ọn, ẹ mú ẹ́ńjìnnì kúrò ní gíá lójú ẹsẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ má gbìyànjú láti fi gíá iwájú tú u, á kàn tún fún sí i ni. Ẹ fi ìgbòkun gbé ara yín kúrò nínú ewu tàbí kí ẹ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dúró, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tó ń lọ sómi, ni kó tó wẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ eléyín.

Bó bá ti bàjẹ́

Bí díńgì bá kún fún omi, ẹ kọ́kọ́ dín eré kù títí ọkọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kí ẹ tó fa okùn. Ẹ so okùn tí wọ́n fi ń gbé ìgbòkun sókè mọ́ òrùka iwájú rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìfakùn gbé imú rẹ̀ lọ́ra. Omi á gba ìdí rẹ̀ jáde. Ẹ gbọ́n ìyókù.

Bó bá dojú dé, ẹ fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ sí. Ẹ so okùn mọ́ ìdìmú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jìnnà sí yín, kí ẹ mú un gba orí ikùn rẹ̀ wá, kí ẹ sì fà. Bó bá tóbi ju agbára yín lọ, okùn ìgbòkun náà á tún ṣiṣẹ́ níhìn-ín: ẹ gbé e ró ní imú, kí ẹ yí i, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí okùn bá já, kí ẹnì kan na ìka sí díńgì láìgbójú kúrò, kí ẹlòmíràn sì fi àmì sí ibẹ̀ lórí GPS. Afẹ́fẹ́ ń gbé díńgì òfìfo lọ kíá, nítorí náà ọwọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni kí ẹ ti wá a. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ sọ ọ́ lórí VHF, rédíò tí àwọn ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní ìkànnì 16, pé díńgì òfìfo ti bọ́ lọ, pé kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú òkun á rò pé èèyàn ló rì, wọ́n sì lè kó ọkọ̀ jáde wá ẹni tó ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ bá ti kọ sára rẹ̀ ṣáájú ló máa gbé e padà wá.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti mu omi iyọ̀, àkókò ni gbogbo rẹ̀. Ìpẹtà ń bẹ̀rẹ̀ gbàrà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Bí ẹ kò bá lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nínú garawa omi tútù tí kò níyọ̀ títí ẹ ó fi ráyè. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ tinú tòde, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ dojú ihò púlọ́ọ̀gì kọlẹ̀, kí ẹ fa okùn ìsiná rẹ̀ lọ́ra kí omi lè tú jáde. Bí kò bá fà, ẹ má fipá fà á, nǹkan lè ti tẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ da epo inú rẹ̀ nù, ẹ fọ kabúrétọ̀. Bó bá jẹ́ oní sítúróòkù mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ títí èyí tó ń jáde kò fi ní funfun bíi wàrà mọ́. Ẹ wá fín ọ́ìlì sí ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ dá púlọ́ọ̀gì gbígbẹ padà, kí ẹ sì tan án lọ́jọ́ náà gan-an, kó ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná dáadáa.